Kọ́ìlì Oníwáyà Méjì

Kọ́ìlì kẹrin, wáyà tí wọ́n wé yípo kí iná lè máa gba inú rẹ̀, jóná láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá ìwádìí. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sẹ́ẹ̀lì jókòó tì í, ó káwọ́ lérí. Ẹkún pàápàá kọ̀, kò wá. Ṣé wáyà lèèyàn á máa sunkún sí?

Kò tíì bí ọmọ kankan o. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé ọjọ́ Àìkú kì í yẹ̀ kó má wá fún àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lóúnjẹ, kó pààrọ̀ omi wọn, kó sì wò ó bóyá ara wọn le. Sẹ́ẹ̀lì awọ ara ni wọ́n, àwọn nǹkan abẹ̀mí kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tó ń dàgbà nínú àwo pẹlẹbẹ. Á fi ṣóńṣó ike kan fa ìlà la àárín wọn kọjá, bí ẹni tó dá ọgbẹ́ sí wọn lára. Á gbé àwo náà sáàárín kọ́ìlì, á tan iná sí i kí agbára òòfà lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, á sì máa fi awò wo bí wọ́n ṣe ń rá bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti dí ojú ọgbẹ́ náà.

Èyí tó wà nínú kọ́ìlì máa ń yára dí ju èyí tó wà níta lọ. Ọdún mẹ́rin ló ti ń rí i bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin náà ló sì ti ń sọ fún bàbá rẹ̀, tí ọgbẹ́ kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná, pé kó ní sùúrù díẹ̀ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ ìwádìí dùn, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ rí.

Ó fi ìwé ìròyìn wé kọ́ìlì tó jóná náà, ó gbé e lọ sí ìsọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Wáyà.

"Ẹ káàsán o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń wé kọ́ìlì."

"Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Ti fáànù ni àbí ti ẹ̀rọ tó ń fa omi?"

"Kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì."

Ọkùnrin náà gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀. "Kí ló wá ń yí?"

"Kò yí nǹkan kan."

"Kọ́ìlì tí kò yí nǹkan kan! Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo ló wá ṣe tó fi kú?"

"Ọ̀gá, mi ò wá ṣeré. Ẹ̀kẹrin rẹ̀ nìyí láàárín oṣù mẹ́ta."

Ẹ̀rín tó wà lójú ọkùnrin náà lọ wọ́ọ́. Ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá: ohun tó bá wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ lẹ óò ti kọ́kọ́ rí i. "Ẹ má bínú. Ẹ jókòó. Ẹni tó wé eléyìí, ìkánjú ló fi wé e. Ẹ wo bí wáyà ṣe gun orí ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti gun ara wọn, ibẹ̀ niná ti ń jẹ wọ́n. Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Nígbà tó padà wá lọ́jọ́bọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ojú rẹ̀ gbọ́. Wáyà náà tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kò sí èyí tó gun ìkejì rárá. Ó ń fi ìka ra á lára, inú rẹ̀ sì ń dùn lọ́nà tí kò lè ṣàlàyé. Kò mọ̀ pé ẹlòmíràn wà láyé tó ń kó ohun kékeré lé àyà bí òun.

Ọ̀gá Wáyà fúnra rẹ̀ ló wá dè é mọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, obìnrin náà ní kó wá fi ojú sínú awò. Ó wò ó pẹ́ títí.

"Wọ́n ń lọ," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló sọ fún wọn pé àwọn ti òdìkejì náà ń bọ̀?"

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì yíjú sí i. Ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè tó dára tó yẹn, títí kan àwọn tó kàwé débi tí irun wọn fi tán. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọ ọkàn rẹ̀, kò sì jáde mọ́.

Kó tó di oṣù mẹ́rin, ọkùnrin náà ti di ará ilé níbẹ̀. Bí Ìyá Sẹ́ẹ̀lì bá ń fún àwọn sẹ́ẹ̀lì lóúnjẹ lọ́jọ́ Àìkú, òun á jókòó sórí àpótí, á máa sọ̀rọ̀ fáànù tí oníbàárà fi òróró ìdáná sí. Ó ń pè é ní "ìfẹ́ mi", obìnrin náà ń pè é ní "olówó orí mi ọ̀la", wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n á fi gbàgbé pé yàrá ìwádìí làwọn wà.

Ilé àwọn òbí ni wàhálà wà. Màmá rẹ̀ ń ta bàtà, ó sì lẹ́nu.

"Ọmọ tí mo rán lọ síléèwé fún ọdún méjìlá, ẹni tó ń wé fáànù ni yóò wá gbé e? Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó ń ta oògùn ńkọ́? Onímọ̀ bíi tìrẹ, ọwọ́ rẹ̀ mọ́!"

"Màámi, ọwọ́ tiẹ̀ náà mọ́."

"Gíríìsì ńkọ́?"

Bàbá rẹ̀, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wọn ilẹ̀ fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí ìtìsẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó wá ká rí i. Mi ò tíì wọn ilẹ̀ tí mi ò tẹ̀ rí. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, kó wá."

Inú àwọn méjèèjì dùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Àìkú kan tí Ọ̀gá Wáyà fara ti bẹ́ńṣì, tó sì fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì.

"Ìfẹ́ mi, kọ́ìlì yìí gbóná o."

"Kò gbóná. Mo máa ń wọ̀n ọ́n."

"Báwo lo ṣe ń wọ̀n ọ́n?"

"Màá paná rẹ̀, màá ti tẹmómítà bọ inú àwo, màá dúró kí nọ́ńbà rẹ̀ fìdí múlẹ̀."

"Kí ló dé tó o fi ń paná?"

"Agbára òòfà máa ń da tẹmómítà láàmú. Nọ́ńbà á máa fò sókè sódò bí ẹlẹ́ńgà. Tí mo bá paná, tí mo dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́fà..." Ó yíjú wo kọ́ìlì.

Ọkùnrin náà ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà lójú rẹ̀. "Bí èèyàn bá gbé ìkòkò kúrò lórí iná, tó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó fọwọ́ kàn án..."

Ọ̀rọ̀ náà yé Ìyá Sẹ́ẹ̀lì. Bó bá jẹ́ pé àwo inú kọ́ìlì fi dìgírì kan péré gbóná ju ti ìta lọ, a jẹ́ pé kì í ṣe agbára òòfà ló ń dí ọgbẹ́. Ooru ni. Ooru lásán tí ẹnikẹ́ni lè fi omi gbígbóná ṣe! Ọdún mẹ́rin! Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà sì gba ẹnu rẹ̀ jáde bí ìbínú.

"Ìwọ tó ń wé fáànù, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ mi?"

Ọ̀rọ̀ màmá rẹ̀ ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ọ̀gá Wáyà wò ó, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ó dàárọ̀," ó sì lọ. Ọ̀sán gangan ni.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Sẹ́ẹ̀lì lọ jẹ́wọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá arúgbó náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

"Ta ló kíyè sí i?"

"Ẹni tó wé kọ́ìlì, sà."

"Pè é wá. Òun ló lójú nínú gbogbo wa."

Ọ̀gá Wáyà wá, kò sì wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Ìyá Sẹ́ẹ̀lì jókòó sí. Òun gan-an ló mú ọ̀nà àbáyọ wá. Ó ní òun á wé kọ́ìlì méjì, òun á kun ọ̀kan ní pupa, òun á kun èkejì ní funfun. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wáyà méjì ni òun á wé pọ̀. Nínú ọ̀kan, iná á gba ibì kan náà lọ nínú wáyà méjèèjì, agbára òòfà á sì wà. Nínú èkejì, iná á gba inú wáyà kan lọ, á gba inú ìkejì bọ̀, òòfà tọ̀hún á pa ti ìhín, kò ní ku nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ooru wọn, bákan náà ni. Òun á fi irin bo ibi tí wáyà ti so pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè rí i, òun á sì kọ òótọ́ sínú ìwé, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ìwọ nìkan ni wàá mọ̀ ọ́n?" Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Èmi nìkan, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ojú rẹ̀, ó wo ti Ìyá Sẹ́ẹ̀lì. "Ẹ ń fẹ́ra yín ni?"

Àwọn méjèèjì jọ wo ilẹ̀.

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi, ojú tìẹ yìí sì dà bíi pátákó ìkọ̀wé. Bí ọmọbìnrin yìí bá fi lè rí ojú rẹ lẹ́ẹ̀kan, á mọ̀, bó bá sì ti mọ̀, kò ní lè ka iye sẹ́ẹ̀lì láì ṣe ojúsàájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ ò gbọdọ̀ ríra, ẹ ò gbọdọ̀ pera lórí fóònù, ẹ ò gbọdọ̀ ránṣẹ́ síra yín. Ẹ fọwọ́ sí i níbí."

Wọ́n fọwọ́ sí i. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ń wá àyè láti sọ pé, "Dárí jì mí." Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà báyìí, tí ó fẹ́ la ẹnu, Ọ̀jọ̀gbọ́n ké láti inú pé, "Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí o!" Ó gbé ẹ̀bẹ̀ náà mì bí ìṣù oògùn gbígbẹ.

Ọjọ́ Àìkú tí bàbá dá pé. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ti ṣàlàyé títí ẹnu ń ro ó, màmá rẹ̀ ní ọkùnrin tó bá fẹ́ wá á wá. Wọ́n to àga. Bàbá wọ ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. Abẹ́ ṣòkòtò rẹ̀ wú díẹ̀, nítorí ó ti ra bẹ́líìtì olóòfà kan lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń kiri, ó sì ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i pé iṣẹ́ ọmọ òun nìyẹn.

Aago méjì lù. Aago mẹ́ta lù. Aago mẹ́rin lù.

"Iṣẹ́ wo," ni màmá fi bẹ̀rẹ̀, "iṣẹ́ wo láyé yìí ló ní kí ọkùnrin má yọjú sí àna rẹ̀?"

"Màámi, tí mo bá rí ojú rẹ̀, màá mọ kọ́ìlì tó..."

"Kọ́ìlì! Kọ́ìlì! Ṣé kọ́ìlì ló fẹ́ fẹ́ ẹ ni? Kò lẹ́nu láti tọrọ gáfárà? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ní kí apòògùn yẹn wá."

Apòògùn wá lóòótọ́. Ọmọ dáadáa ni, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí gbogbo wọn dáadáa. Ó jókòó fún wákàtí méjì, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Ìyá Sẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀, Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ń gbọ́ ohùn mìíràn létí pé, ta ló sọ fún wọn pé àwọn ti òdìkejì náà ń bọ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó ń ka sẹ́ẹ̀lì títí ojú ń ro ó, ó ń kọ pupa sí ẹ̀gbẹ́ kan, funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sì mọ ohun tó ń kọ. Ó wọ bàtà, ó di ìsọ̀ Ọ̀gá Wáyà. Kọ́ìlì kọ́ ló bá wá. Ó kàn fẹ́ tọrọ àforíjì ni.

Ọkùnrin náà rí i láti òkèèrè. Ó fò dìde, ó yí kiri, kò rí ibi tó máa sá sí. Kí ló ṣe? Ó na ọwọ́ sí ìsọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ tó ń jó irin, ó fa ìbojú dúdú wẹ́dà yọ, ó dé e mọ́ orí.

"Sọ̀rọ̀!" Ìyá Sẹ́ẹ̀lì pariwo. "Mi ò ní bi ẹ́ ní kọ́ìlì! Sọ̀rọ̀ sí mi!"

Ìbojú náà mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì.

"Bàbá mi dúró dè ẹ́ títí aago mẹ́rin!"

Ìbojú náà tẹrí ba. Àwọn tó ń kọjá ti dúró, wẹ́dà ti ń fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Inú bí Ìyá Sẹ́ẹ̀lì débi pé ó ta àpótí kan nípàá, ẹsẹ̀ dùn ún, ó sì fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún náà rìn délé.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà pé. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó, Ìyá Sẹ́ẹ̀lì gbé ìwé iye tó kọ sórí tábìlì, Ọ̀gá Wáyà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú àpò ìwé tó ti tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù jáde, ó ya á.

"Pupa lòòfà wà nínú rẹ̀. Funfun, kò sí." Ó wo iye náà, ó tún un wò. "Ọgbẹ́ inú pupa àti ti inú funfun, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń dí. Ti ìta nìkan ló ń falẹ̀." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ooru ni, ọmọ mi. Ó dùn mí."

Ọdún mẹ́rin tú dànù lórí tábìlì, kò tiẹ̀ dún. Ìyá Sẹ́ẹ̀lì dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "O mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

"Mi ò mọ̀. Mo mọ èyí tí òòfà wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì máa ṣe."

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó kọjá lọ.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbà lọ, nítorí òun ló kù tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Bàbá mi, kò ṣiṣẹ́. Mo ti tàn yín. Ẹ jẹ́ kí n tú bẹ́líìtì yìí."

"Mo mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni mo ti so ó."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń so ó?"

"Torí pé ọmọ mi ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀."

Ó ká ṣòkòtò bàbá sókè, ó tú bẹ́líìtì náà. Báńdéèjì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ yí ojú kúrò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kọ̀. Báńdéèjì náà tò tẹ̀lé ara wọn láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé orúnkún, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, bákan náà ni àlàfo wọn, kò sí èyí tó gun ìkejì. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé tó ń wé nǹkan báyìí.

"Bàbá mi, ta ló wé e?"

Bàbá wúkọ́. "Nọ́ọ̀sì ni."

"Bàbá mi."

"Ó dáa, ó dáa. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọjọ́ Àìkú yẹn ló wá, nígbà tí màmá rẹ wà nísọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun ò gbọdọ̀ rí ẹ, ṣùgbọ́n orúkọ tèmi ò sí nínú ìwé tí òun fọwọ́ sí. Gbogbo Ọjọ́rú ló ń mú mi lọ sílé ìwòsàn. Ó ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wé e."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́. Ó ní o máa bi mí bí ojú òun ṣe rí."

Àṣé màmá ti wà lẹ́yìn wọn láti ìgbà yìí, àpò bàtà lọ́wọ́. "Nọ́ọ̀sì tí mò ń gbàdúrà fún láràárọ̀!" ó kígbe. "Tí mo ní kí Ọlọ́run fún un lọ́kọ rere! Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ ò ní ṣe mí léṣe?" Ó jókòó gbì sórí àga. Ó wo báńdéèjì náà títí, ó sì mí kanlẹ̀. "Irú bàtà wo ló máa ń wọ̀, ẹni yẹn?"

"Sálúbàtà ni, Màámi."

"Mo mọ̀! Ọjọ́ Àìkú, kò ní wọ sálúbàtà wọlé mi. Lọ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ wá."

Ọ̀gá Wáyà wà nídìí iṣẹ́ nígbà tó dé. Bó ṣe rí i, ọwọ́ rẹ̀ ti ń na sí ìbojú wẹ́dà.

"Gbé e sílẹ̀. Wọ́n ti ṣí ìwé."

Ó gbé e sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Ìyá Sẹ́ẹ̀lì wo ojú náà tẹ́rùn. Ó ti rù. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ fáànù yẹn. Mo ti ń gbé e kiri, kò jẹ́ kí n sùn. Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́ kí n tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

"Lójoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà pé kí pupa borí," ó wí. "Èmi tí mo sọ pé ó gbóná. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó sọ mí di òpùrọ́."

Ó sì wà lójú rẹ̀ pé òótọ́ ni. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó kọ̀ tí kò wá láti ọjọ́ kọ́ìlì kẹrin wá, ó sì ń dà wàràwàrà. Ọkùnrin náà ò sọ pé yóò dára. Ó kàn dì í mú títí tó fi sun ún tán.

"Ẹsẹ̀ rẹ dà?" Ìyá Sẹ́ẹ̀lì nu imú.

"Ẹsẹ̀ mi báwo?"

"Màámi ló ní kí n wọ̀n ọ́n."

Ó mú ègé wáyà kan lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nà án láti gìgísẹ̀ dé orí àtàǹpàkò rẹ̀. Wáyà náà ń yún ọkùnrin náà lábẹ́ ẹsẹ̀, ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sókè.

"Má gbé e!" obìnrin náà gbá a lẹ́sẹ̀ mú. "Dúró síbẹ̀ títí n óò fi wọ̀n ọ́n tán. Mo ti kọ́gbọ́n lára tẹmómítà."